Píìnì Ẹnu Adákẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí inú ń bí obìnrin aránṣọ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Adákẹ́, ẹ má wulẹ̀ wo ojú rẹ̀ o. Píìnì tó há sẹ́nu rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, iṣẹ́ ló ń ṣe. Bó bá ti di mẹ́rin, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ tí kò fẹ́ kó jáde.

Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń mú un bu píìnì mẹ́rin sẹ́nu: ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ojú bàbá náà ti di bàìbàì, kò lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n àràárọ̀ ló ń wá jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Adákẹ́, tí á máa fọwọ́ ba aṣọ wò, á sì máa tọ́ka àléébù iṣẹ́ rẹ̀ lójú àwọn oníbàárà. "Apá yẹn ò dọ́gba." "Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ láti gé ọrùn aṣọ nìyẹn?" Adákẹ́ á fi eyín há píìnì, á sì pa èémí mọ́ra títí sísọ́ọ̀sì á fi dé ìparí aṣọ. Bàbá yìí kan náà ló kọ́ ọ pé ẹni tó bá ń mí nígbà tó ń gé aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ á gbọ̀n. A kì í dákẹ́ ká ṣìwí: ọgbọ̀n ọdún ni Adákẹ́ fi gba òwe yìí gbọ́.

Ọrùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ìrora náà sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká, ó gòkè lọ sí àgbọ̀n ìsàlẹ̀, nígbà tó yá ó di orí fífọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí àyà rẹ̀ wá ń lù kìkì láìjẹ́ pé ó sáré, ó gba ilé ìwòsàn lọ. Dókítà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó wò ó, ó tún un wọ̀n: ó ti ga jù. Ó fún un lóògùn, ó ní kó dín iyọ̀ kù, kó sì máa rìn láràárọ̀.

"Ẹ padà wá lóṣù tó ń bọ̀, mà," ló wí. "Bí kò bá wálẹ̀, ẹ máa fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ná."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Adákẹ́ ju ọrùn lọ. Ibi tábìlì tó ti ń gé aṣọ ni ayé rẹ̀ wà. Kò fi oògùn ṣeré, ó sì rìn títí àwọn ajá àdúgbò fi dẹ́kun gbígbó o. Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá wá fún un pé kó máa wọn ara rẹ̀, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ọmọ náà yẹ ìwé náà wò, ó fajú ro.

"Màámi, tilé ti ń wálẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ ń wọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù ló ń fò bíi tata. Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Iṣẹ́ ni."

Ọmọ náà ò gbà. Lọ́jọ́ kejì ó tẹ̀ lé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń wò. Bàbá dé, ó ní ojú rírán kan wọ́. Píìnì wọ ẹnu Adákẹ́. Bàbá ní irú gígé yìí, òun ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ fún oṣù kan. Píìnì mẹ́ta tún wọlé, èémí sì dúró. Nọ́ọ̀sì di bẹ́líìtì ẹ̀rọ náà mọ́ ọn lápá níbẹ̀ gan-an, ohun tó rí kò sì dùn mọ́ ọn.

"Màámi, ẹ tu nǹkan yẹn, kẹ́ ẹ mí," ló sọ sí i létí. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Oògùn ń ṣe tiẹ̀, kẹ́yin náà ṣe tiyín."

Adákẹ́ tu píìnì sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀rù bà á, ká má parọ́. Àmọ́ nígbà tó kúnlẹ̀ síwájú àpótí bàbá, ohùn rẹ̀ ò wárìrì.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú sà. Tẹ́ ẹ bá ń bá mi wí lójú àwọn oníbàárà, ó máa ń dùn mí. Ó máa ń dùn mí gan-an. Ẹ dákun, ẹ máa pè mí wọnú yàrá, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún mi níbẹ̀."

Bàbá táràrà wá ọ̀pá rẹ̀, ó gbéra, ó gba ilé lọ. Kò wá lọ́jọ́ kejì, kò wá lọ́jọ́ kẹta. Ojú ń ro Adákẹ́, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ń dẹ̀. Ó gé aṣọ mẹ́fà lọ́sẹ̀ yẹn, ó ń mí lórí gbogbo wọn, ọwọ́ tí wọ́n ní á gbọ̀n ò sì gbọ̀n.

Nígbà tí oṣù pé, dókítà wọn ìfúnpá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti wálẹ̀. "Ẹ má fi oògùn sílẹ̀ o, mà," ló wí. "Ẹ sì máa gé aṣọ yín lọ."

Adákẹ́ ò yà sílé. Ilé bàbá ló forí lé, ó bá a lórí àga lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ròyìn ohun tí dókítà wí fún un. "Ẹ dákun, ẹ padà wá, sà," ló wí. "Àárò yín ń sọ mí."

Bàbá kọjú sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti ń bọ̀.

"Láti ọgbọ̀n ọdún," ló wí, "o ò dá mi lóhùn rí. Mo rò pé o ò gbọ́ ni. Ìdí tí mo fi ń tún un sọ nìyẹn."