Ọmọ Tí Kò Bá Ìbò Sáré

Wọ́n ní ọmọ tí kò bá tíì ké kí wọ́n tó ti àpótí ìbò ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà ọdún 2004, ó parí fún un. Wọ́n ní àlejò ni yóò máa jẹ́ títí ayé, ì báà jẹ́ àárín gbùngbùn Dublin ni wọ́n bí i sí. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi ńlá kan ti gúnlẹ̀ sí Dublin Port, pé nítorí àwọn aboyún ló ṣe wá, àti pé láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni yóò gbéra. Obìnrin kan tilẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n ọkọ òun tó ń já ẹrù ní èbúté ti rí bẹ́ẹ̀dì ọmọdé tí wọ́n ń kó wọnú rẹ̀.

Kí n má purọ́, ọkọ̀ ojú omi yẹn, èmi ni mo kàn án. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹrin ni, ní ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ní mọ́sálásí. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ ìbò náà bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, mo bá ní kí n pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ọkọ̀ tó máa kó yín ti wà ní Dublin Port. Oníkálukú ni kó mú garí tiẹ̀ dání o." A rẹ́rìn-ín, mo sì gbàgbé. Garí ló kọ́kọ́ já bọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀dì ọmọdé sì gorí àyè rẹ̀. Nígbà tó fi yí padà délé wa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti di òótọ́ pọ́ńbélé, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sì ti kọ ọ́ sínú jọ́tà.

Mọ̀múdù Adéjùmọ̀ lorúkọ ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Lójú rẹ̀, Bọ̀dá Mọ̀múdù ni mò ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀, Alága Ìbò. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Damastown ló ti ń to páálí, èmi sì ń gbé nínú yàrá tó kéré jù lọ nílé wọn, tí mò ń fi ẹnu mi san owó ilé. Jọ́tà aláwọ̀ búlúù kan kì í kúrò lápò kóòtù Bọ̀dá. Gbogbo ìbò tó bá ti ta sí i létí ló wà níbẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n dì í, ohun tí wọ́n bi aráàlú, iye tó ní Bẹ́ẹ̀ni, iye tó ní Rárá, àti ẹni tó sọ fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ará Ireland dìbò lórí ìwé àdéhùn kan náà, wọ́n ní Rárá lọ́dún kan, wọ́n ní Bẹ́ẹ̀ni lọ́dún kejì. Ó kọ méjèèjì sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ará California dìbò yọ gómìnà wọn, Bọ̀dá fi oorun du ara rẹ̀. Èmi náà bá pe ìbò pé ká yọ ọ́ nípò olórí rìmóòtù. Ìbò mẹ́ta sí ẹyọ kan ni mo fi nà án. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó buwọ́ lù ú, kò sì fún mi ní rìmóòtù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré lọ́dọ̀ tirẹ̀. Tíṣà ni ní Ìsẹ́yìn lọ́dún 1993, òun ni wọ́n sì fi ṣe akọ̀wé ní ibùdó ìdìbò kan ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà. Ó ka ìbò náà lójú gbogbo èèyàn, ó kọ iye rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé ọmọléèwé kan. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìjọba ní àwọn ti fagi lé e. Bébà yẹn wà nínú jọ́tà títí dòní, sẹlotépù ló dì í mú.

"Ṣubúọlá," ó máa ń wí fún mi, "ìjọba lè fagi lé ìbò. Kò lè fagi lé ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ."

Ohun tí wọ́n fẹ́ bi aráàlú lọ́tẹ̀ yìí kò ṣòroó yé. Títí di ìgbà yẹn, ọmọ tí wọ́n bá bí sílẹ̀ Ireland, ọmọ onílùú ni, ibi yòówù kí òbí rẹ̀ ti wá. Ṣé ká fòpin sí i fún ọmọ àwọn àlejò? Ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó sọ Bẹ́ẹ̀ni. Iman, àkọ́bí wọn, tí wọ́n bí ní 2001, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n wá forí pamọ́ síbí, ti ní pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀. Àmọ́ oyún kejì wà nínú ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Rafiat, dókítà sì ti ní ó di ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin oṣù keje kó tó bí. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ìbò yóò fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ọmọ. Ọmọ ìyá méjì, ọ̀kan onílé, ọ̀kan àlejò, lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà.

Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lásìkò tíì. Ọ̀gá rẹ̀, Irish kan tó fẹ́ràn rẹ̀ dénú, gbá a léjìká. Ó ní, "Ah Mo, you're grand. It's not about you at all." Bọ̀dá dúpẹ́, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ Bẹ́ẹ̀ni.

Nígbà tí jọ́tà ti fi hàn án pé Rárá ò ní wọlé, ó kù kí ọmọ sáré. Ẹnì kan ní ìrìn a máa mú kí ọmọ tètè wá. Bọ̀dá bá ń kó wa wọ rélùwéè lọ sí Dún Laoghaire lójoojúmọ́, ká máa rìn lórí afárá òkúta gígùn tó wọnú òkun níbẹ̀, àlọ àti àbọ̀.

"Bàbá Iman, ẹsẹ̀ mi ti wú."

"Ká dé ibi iná tó wà lópin afárá yẹn, Ìyá Iman, a óò padà."

"Ohun tí ẹ sọ níjẹta náà nìyẹn."

Mo ní kí n dá sí i. "Bọ̀dá, ọmọ yìí ò mà sí nínú rẹ́jísítà yín o. Kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, kí lẹ ń lé e lọ síbi ìbò sí?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí màá sọ̀rọ̀ tí kò ní lù mí lórí pẹ́pẹ́. Ọkọ̀ ojú omi funfun tó ń lọ sí Holyhead lódìkejì òkun ń yọ jáde ní èbúté lọ́wọ́. Iman nàka sí i, ó fa aṣọ bàbá rẹ̀.

"Daddy, is that our boat?"

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Mo ra áísìkiriìmù fún Iman.

Ní Ọjọ́bọ̀, tí ìbò ku ọ̀la, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Àǹtí mi. Bọ̀dá ń kí Ọlọ́run kú iṣẹ́ nínú takisí títí a fi dé ọsibítù. Agbẹ̀bí kan, àgbàlagbà, yẹ̀ ẹ́ wò, ó jáde wá bá wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kì í ṣe ìrọbí; àárẹ̀ ni, ìrìn náà ti pọ̀ jù. Òun ti fún un ní oògùn tí inú á fi rọlẹ̀.

Bọ̀dá ní kó má rọlẹ̀. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gbé ọmọ náà jáde lónìí. Ẹni tó jẹ́ pé bàbá mi ni ẹni ìkẹyìn tó dọ̀bálẹ̀ fún, lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ló nà gbalaja sórí ilẹ̀ ọsibítù níwájú obìnrin náà, tí àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kọjá.

"Dìde, jọ̀ọ́," ni agbẹ̀bí wí. Omi ti lé sójú òun náà. "Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ yìí ò tíì gbó. Tí mo bá fà á jáde lónìí nítorí ìwé, ta ló máa bá a mí?"

Láti inú yàrá, a gbọ́ ohùn Àǹtí Rafiat. "Bàbá Iman, ẹ jẹ́ n gbé ọmọ mi lọ sílé. Àlejò tó wà láàyè ni mo fẹ́."

Bọ̀dá dìde, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ṣí jọ́tà. Mo rí ojú ewé náà: Ọkọ̀ ojú omi, Dublin Port. Ẹni tó sọ ọ́: Ìyá Zayd. Ẹni tó sọ fún un: kò rántí.

"Bọ̀dá," mo ní, "èmi ni. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò sí ọkọ̀ kankan."

Ó mú pẹ́ńsù, ó pa "kò rántí" rẹ́, ó kọ "Ṣubúọlá" síbẹ̀.

"Ti pé ọmọ gbọ́dọ̀ ké kí ìbò ọjọ́ Ẹtì tó parí ńkọ́? Ìwọ náà lo sọ ọ́?"

"Rárá, Bọ̀dá. Ìyẹn, mi ò mọ ibi tó ti wá."

"Ọkọ̀ nìkan lo gbà kúrò nìyẹn," ó wí. "Ẹ̀rù ṣì wà níbi tó wà."

Ì bá dáa kó gbá mi létí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Bọ̀dá àti Àǹtí mi lọ dìbò. Àlejò lè dìbò ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ní Ireland, kò kàn lè dì í lórí òfin ni. Ìyá arúgbó kan tó wà níwájú Bọ̀dá gba ìwé ìbò mẹ́ta: ti ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀, ti ilé ìgbìmọ̀ Europe, àti ti òfin. Wọ́n fún Bọ̀dá ní ẹyọ kan. Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó wà nínú jọ́tà, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i kó tó kúrò nídìí tábìlì.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n kà á. Láńrewájú, awakọ̀ takisí ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó ń díje fún ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀, ló fún wa ní báàjì tó gbé wa wọ gbọ̀ngàn. Báyìí ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀: bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti ń tú ìwé sórí tábìlì, àwọn èèyàn ẹgbẹ́ òṣèlú á fàyà ti irin ìdènà, wọ́n á máa fa ìlà kan fún ìwé kan. Bọ̀dá dúró láàárín wọn, ìlà mẹ́rin, ìkarùn-ún á dábùú. Baba arúgbó Irish kan yọjú wo ìwé rẹ̀.

"Ọwọ́ ẹ dáa o. Ta lo ń bá ṣiṣẹ́?"

"Ìsẹ́yìn," ni Bọ̀dá wí.

Kí àpótí kejì tó tán, ìlà Bẹ́ẹ̀ni ti kún ojú ewé, ó ti ṣí òmíràn. Ti Rárá sá sí igun kan bí adìyẹ òjò.

"Bọ̀dá, ó tó. Ẹ ti mọ̀."

"Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ parí." Kò gbójú sókè. "Ṣubúọlá, ọjọ́ kélòó la wà lónìí?"

Mo wo fóònù mi. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà.

"Ti Ìsẹ́yìn, mo gbàdúrà kí wọ́n má fagi lé e," ó wí, ọwọ́ rẹ̀ ń fa ìlà lọ. "Lónìí, kí Ọlọ́run má bínú sí mi, mò ń wojú ilẹ̀kùn bóyá sójà kan á wọlé."

Sójà kankan ò wọlé. Wọ́n kà á tán. Mọ́kàndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ní Bẹ́ẹ̀ni. Bọ̀dá kọ ọ́, ó buwọ́ lù ú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo bá a lójú fèrèsé, ó ti wọ kóòtù, pásípọ́ọ̀tù Iman wà lápò rẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀nà. Mo ní, "Bọ̀dá, mo ti sọ fún yín pé kò sí ọkọ̀." Ó ní òun mọ̀. Kò kúrò níbẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó tẹ̀ lé e ló fi ń jókòó síbẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, mo sì ń gbé tíì lọ bá a láìsọ̀rọ̀, èmi tí wọ́n ní n kì í dákẹ́.

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù keje ni Àǹtí mi bí Ikram. Ó ké dáadáa. Lọ́sẹ̀ kan náà ni Bọ̀dá lọ béèrè bóyá àlejò ni Ikram lọ́wọ́ lọ́yà kan tó ń gba àlejò nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì fi jọ́tà sórí itan rẹ̀, ó ń retí. Lọ́yà ní ìbò nìkan kì í ṣe òfin; ilé ìgbìmọ̀ ṣì máa kọ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tán lọ́dún náà, Bọ̀dá kọ ìlà kan ṣoṣo sábẹ́ gbogbo rẹ̀ nínú jọ́tà: ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2005 ni òfin tuntun bẹ̀rẹ̀, ọmọ tí wọ́n bá sì ti bí sílẹ̀ Ireland ṣáájú ọjọ́ yẹn, ọmọ onílùú ni.