Àyè Iwájú Nínú Baṣé Ọkọ Mi

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ní Tchaourou, iwájú ọkọ̀ ni mo ń jókòó. Baṣé ni ọkọ̀ náà, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó ti gbó, tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Iṣu la fi ń kó láti àwọn oko Bétérou àti Alafiarou wá sí ọjà. Ọkọ mi á wa ọkọ̀, èmi á yan iṣu, nítorí mo mọ èyí tí yóò pẹ́ nílẹ̀ àti èyí tí yóò tètè rà. Ojú máa ń tì mí láàárín èrò, ìwé mi kò sì lọ jìnnà, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ yẹn, àwa méjì péré, mo máa ń sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun mi á fi gbẹ.

Mo ní iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀. Òkè òkun ni ọkọ̀ náà ti wá, apá ọ̀tún sì ni fóláǹ tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé fóláǹ wá sí òsì, ṣùgbọ́n wọ́n fi irin gígùn kan sílẹ̀ lẹ́bàá orúnkún mi. Bí a bá tẹ irin yẹn wálẹ̀, táyà ẹ̀yìn méjèèjì á so pọ̀, wọn á máa yí bí ẹyọ kan. Inú ẹrẹ̀ nìkan la ti ń lò ó. Bí a bá rì, ọkọ mi á kígbe pé, "Tẹ̀ ẹ́!" Màá tẹ̀ ẹ́, màá dì í mú títí a ó fi jáde. Bí mo bá ti yọwọ́, á padà sókè fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àbúrò ọkọ mi obìnrin ti Parakou dé. Ó ti parí kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sì ríṣẹ́. Mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọlé wọn, nítorí náà "ẹ̀yin" ni mo ń bá a sọ, n kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Eyínfúnjowó ni mo sọ ọ́. Òun, "Ìyàwó" ló ń pè mí.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, ibà dá mi dúbúlẹ̀. Òun ló bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ oko. Nígbà tí mo fi máa dìde, àìsàn ti ran ọkọ̀. Bó bá fẹ́ yà ní kọ́nà, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa ta pọ́ún pọ́ún bí ewúrẹ́ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, táyà á máa han, iṣu á máa fò lura wọn, wọ́n á sì ṣẹ́.

Ọkọ mi ní, "Ìwọ lo mọ iṣu tò. Bọ́ sẹ́yìn kí o máa dì wọ́n mú, títí a ó fi tún ọkọ̀ ṣe."

Mo bọ́ sẹ́yìn. Gíláàsì kékeré kan wà lẹ́yìn orí wọn. Mo ń wo orí méjèèjì. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, n kò ní gbọ́ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, mo sì gbà pé èmi ni. Ní ọjọ́ kan ó bó ọsàn, ó ń fi í sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu. Èmi ìyàwó, n kò fi nǹkan sí i lẹ́nu rí lójú ọ̀nà. Ó ní báàgì pupa kan, sáàkì ló ń pè é. Mo kórìíra báàgì yẹn ju bí mo ṣe kórìíra eruku tó ń wọ̀ mí lẹ́nu lọ.

A gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì kan lọ́nà Goro, àgbàlagbà tí gbogbo wa ń pè ní Tọ́ńtọ̀n. Ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè. Ó ní kí n fọwọ́ kan táyà òsì, òun á yí tọ̀tún.

"Bí wọ́n bá so pọ̀, ibì kan náà ni wọn á yí sí. Bí wọn ò bá so pọ̀, ọ̀kan á lọ síwájú, èkejì á lọ sẹ́yìn."

Táyà ọwọ́ mi lọ sẹ́yìn.

"Ara rẹ̀ yá," ni Tọ́ńtọ̀n wí. Ó da òróró póǹ jáde, ìyẹn irin ńlá tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ó fi ìka wá irin lúbúlúbú nínú òróró náà, kò rí nǹkan kan tó fi hàn pé ó ti ń bàjẹ́. Eyínfúnjowó dúró lábẹ́ igi káṣú pẹ̀lú báàgì rẹ̀ léjìká, ó ń fi ìwé fẹ́ ara.

A kúrò níbẹ̀. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, pọ́ún pọ́ún! A padà.

Tọ́ńtọ̀n rẹ́rìn-ín. "Bó bá ti rí mi, ara rẹ̀ á yá. Àfi kí n máa bá yín gbé."

Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní tí póǹ bá ti bàjẹ́, òun á ta ọkọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́.

Kò pẹ́, Eyínfúnjowó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Parakou. Mo padà síwájú. Ọkọ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí dé Bétérou. Kọ́nà dé, kọ́nà lọ, kò ta rárá.

"Ìwọ ni ọkọ̀ yìí ń fẹ́!" ni ọkọ mi wí. Ó tún un sọ fún àwọn àgbẹ̀. Ó ní bí àbúrò òun bá dé, ọjà ni yóò máa dúró sí, èmi ni n ó máa jókòó síwájú. Inú mi dùn débi pé mo ń ṣi iṣu yàn.

Èmi náà ti ra báàgì. Aláwọ̀ ewé ni, ojú tì mí láti ra pupa. Bí a ṣe ń bọ̀, mo gbé ẹyin awó lé itan, ìgò oyin sì wà nínú báàgì mi. N kò rí àyè gbé e sí, mo bá fi kọ́ irin ẹ̀bá orúnkún mi.

Kọ́nà dé. Pọ́ún pọ́ún!

Ọkọ mi dá ọkọ̀ dúró, ó gbé iwájú orí lé fóláǹ. "Ó parí. Màá tà á."

Mo wo ilẹ̀. Báàgì ti fa irin náà wálẹ̀, ó ti so táyà méjèèjì pọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Mo gbé báàgì, irin padà sókè. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi ni ọkọ̀ ń fẹ́ mọ́.

"Ẹ wo irin yìí," ni mo wí.

Ó wò ó, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Báàgì! Báàgì ló fẹ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi!" Àsìkò Rẹnuvó ni, nígbà tí ìjọba àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, tí oníkálukú ń sọ tẹnu rẹ̀ lórí rédíò, ó sì ní, "Tiwa-n-tiwa ti dé ọ̀dọ̀ rẹ náà. O ti lẹ́nu." Ó wá rò ó wò. "Ṣé ibẹ̀ náà ni àbúrò mi ń fi tirẹ̀ kọ́?"

"N kò mọ̀. Ẹ̀yìn ni mo wà."

Ó ṣíná sí ọkọ̀.

Nígbà tí Eyínfúnjowó dé, tí ọkọ mi bi í nípa irin náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, níbo lẹ fẹ́ kí n fi sáàkì mi kọ́? Ilẹ̀ ọkọ̀ yín kún fún eruku!" Ó ṣáà tún wọlé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ta mọ́, iṣu sùn jẹ́ẹ́, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti wà lẹ́yìn. Àwa mẹ́ta la jókòó síwájú. Òun ló kọ́kọ́ wọlé, ó jókòó sáàárín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi.

"Ìyàwó, jọ̀wọ́, bá mi gbé sáàkì mi dání."

Mo gbé e lé orí tèmi. Ó wúwo ju tèmi lọ. Òun ń bó ọsàn.

Báyìí la ṣe ń lọ títí òjò fi dé. Ní ìsàlẹ̀ odò kan lọ́nà Alafiarou, a rì. Ọkọ mi kígbe pé, "Tẹ̀ ẹ́!" Eyínfúnjowó na ọwọ́ kọjá lórí itan mi. Báàgì méjèèjì ti bọ́ sínú eruku ilẹ̀ ọkọ̀, ọwọ́ mi sì ti wà lórí irin náà.