Gbémidélé

Gègé bíìkì pupa ni èmi olùkọ́, tí wọ́n ń pè ní mẹ́tìrì, fi pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ nínú eré Yorùbá tí ẹlẹgbẹ́ mi, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé wa ní Pobè, kọ. "Gbémidélé" ló pe alùpùpù akérò, tí gbogbo wa ń pè ní sẹ́mì.

"Mẹ̀síyé, ọ̀rọ̀ yìí kò sí," ni mo wí fún un.

"Kò tíì sí ni. Òǹkọ̀wé eré kan ló dá ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹyọ kan péré ni èmi ń wá."

Láràárọ̀, á dúró létí títì, á máa ké "Gbémidélé!" Àwọn sẹ́mì á rẹ́rìn-ín, wọn á kọjá, á sì pẹ́ dé kíláàsì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi kú.

Níjẹta, ní Sakété, ìyá arúgbó kan tó ń lọ sí abúlé Yoko nawọ́: "Gbémidélé! Yoko!" Sẹ́mì méjì dúró. Mo bi í pé kí ló pè wọ́n.

"Mẹ́tìrì, ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀ ni?"

Mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n ni.