Iná Kọ́ Ló Pa Ráútà Náà

Tíṣà kọ̀ǹpútà ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìdànrè, àwọn ará àdúgbò wa sì gbà pé kò sí ohun tó ní wáyà nídìí tí mi ò lè tún ṣe. Bí tẹlifíṣọ̀n wọn bá ń ṣẹ́jú, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Bí fóònù bá mu omi, wọ́n á rì í sínú ìrẹsì, wọ́n á gbé fóònù àti ìrẹsì wá bá mi. Mi ò bá wọn jiyàn. Ká sòótọ́, ó dùn mọ́ mi.

Ní ọdún tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Màámi, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn ló kú, ahọ́n wọn náà sì wúwo débi pé ọ̀rọ̀ kankan kò jáde mọ́. Ọwọ́ òsì nìkan ló kù tí wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ nǹkan, wọ́n á fi lu bẹ́ẹ̀dì. Àbúrò mi, àbígbẹ̀yìn wọn, wà ní Kánádà. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde, bó bá sì fi ibẹ̀ sílẹ̀, kò ní lè padà wọlé mọ́. Ìpè lásán kò wúlò fún ẹni tí kò lè fọhùn. Nítorí náà, lójú tábúlẹ́ẹ̀tì ni òun àti Màámi ti ń pàdé, ní gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè, bí Bàámi bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Àbúrò mi á máa sọ̀rọ̀, á máa rẹ́rìn-ín, Màámi á gbé ọwọ́ òsì sókè, wọ́n á máa fi ìka ra ojú rẹ̀ lára gíláàsì.

Ilé wa fẹ̀yìn ti àpáta. Fóònù kì í rí nẹ́tíwọọ̀kì nínú rẹ̀, àfi kéèyàn lọ dúró lẹ́yìnkùlé níbi tí a ti ń sá kòkó, ìyẹn náà kò sì ju ká gbọ́ ohùn lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ráútà, tí mo fa wáyà rẹ̀ lọ sára eriali lórí òpó gíga kan tó yọ lókè òrùlé. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún oṣù mélòó kan. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ ìyọnu. Àwòrán àbúrò mi á kàn dúró gbagidi, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀, ojú rẹ̀ kò ní ṣẹ́. Ẹ̀rù máa ń ba Màámi. Mo rò pé wọ́n gbà pé ọmọ náà ti kú síbẹ̀ ni. Wọ́n á máa lu bẹ́ẹ̀dì, omi á máa dà lójú wọn, èmi á máa pariwo pé, "Nẹ́tíwọọ̀kì ni, Màámi, nẹ́tíwọọ̀kì ni!" bí ẹni pé wọ́n mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ọ́pdéètì ló máa wò ó sàn. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ráútà ti kọ ìlànà tuntun tí ẹ̀rọ náà yóò máa fi ṣiṣẹ́. Kéèyàn sáà fi tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Mo dáńlóòdù fáìlì náà nílé ìwé lọ́jọ́ Fúráìdè, mo gbé e wálé nínú fúláàṣì. Mo fẹ́ kó ti ṣe tán kí Sọ́ńdè tó dé.

Lọ́sàn-án Sátidé, mo tan jẹnẹrétọ̀, mo so ráútà mọ́ láptọ́ọ̀pù, mo fi fáìlì náà sí i. Àkọlé kan yọ pé fáìlì yìí àti ráútà yìí kò jọ bára mu, pé ṣé ó dá mi lójú. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó tẹ nǹkan, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti rí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kò sì ṣe nǹkan kan. Àkọlé mìíràn yọ, ó ní iná kò gbọdọ̀ lọ títí tí yóò fi parí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Bàámi ń sinmi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì rò pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ọ́pdéètì ṣe.

Ìlà búlúù kan bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lójú láptọ́ọ̀pù. Ó kọjá ìdajì díẹ̀, ó dúró. Mo ṣọ́ ọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́wàá, ogún. Iná kékeré iwájú ráútà tó ti ń ṣẹ́jú tẹ́lẹ̀ di pupa, kò sì ṣẹ́jú mọ́. Ọkàn mi ti ń sọ nǹkan kan fún mi. Mo ń dá a dúró.

Ìgbà yẹn gan-an ni àdúgbò hó yèè. Wọ́n mú iná ìjọba dé, èyí tí a ò rí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo gbọ́ ohùn Bàámi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú èdè Ìdànrè tí wọn ò fi sílẹ̀ títí dòní: "Uná ti dé o! Uná ti dé!" Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń yára. Àwọn ló ni ṣéńjóófà nílé wa, irin ara ògiri tí a fi ń gbé ilé kúrò lórí jẹnẹrétọ̀ bọ́ sórí iná ìjọba. Ẹnikẹ́ni kì í bá wọn dù ú. Wọn kì í fẹ́ kí ẹ̀kán bẹntiróòlù kan ṣòfò. Mo gbọ́ gbìn-ín. Fáànù dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Gbogbo nǹkan inú ilé jí padà àfi ráútà.

Mo já wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní, "Ẹ ti pa á! Bàámi, ẹ ti pa á! Ta ló rán yín níṣẹ́? Bí Màámi ò bá rí ojú ọmọ wọn mọ́, ẹ̀yin lẹ fà á o!"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ọwọ́ wọn ṣì wà lórí irin náà. Ẹ̀rín iná kò tíì kúrò lẹ́nu wọn tán. Wọ́n ní, "Uná ló dé, ọma mi. Uná ló dé." Ilẹ̀kùn yàrá Màámi ṣí sílẹ̀, wọ́n sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ òsì lu bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mẹta. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n ń bá wí ni àbí Bàámi ni wọ́n ń pè.

Títí ilẹ̀ fi ṣú, mo ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀. Mo fi abẹ́rẹ́ tẹ bọ́tìnnì inú ihò ìdí rẹ̀, èyí tó yẹ kó dá a padà sí bó ṣe wà nígbà tí mo rà á, títí ọwọ́ fi ń ro mí, mo pààrọ̀ wáyà, mo pààrọ̀ ṣájà, mo tún ọ́pdéètì náà gbìyànjú. Láptọ́ọ̀pù ní òun kò rí ohunkóhun. Bàámi gbé ìgò omi àdúrà wọn wá, wọ́n fẹ́ wọ́n díẹ̀ sí i. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, omi ló kù tí yóò parí rẹ̀." Wọ́n dé ìgò náà padà, wọ́n lọ jókòó.

Mo pe àbúrò mi láti ẹ̀yìnkùlé. Ó ní òun á ya fídíò ojú òun ránṣẹ́ kí n lè fi han Màámi. Mo ní kó má yọra rẹ̀ lẹ́nu, pé kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ráútà á ti ṣe. Ohun tí mo sọ nìyẹn.

Ní Sọ́ńdè, nígbà tí àkókò tó, Màámi yí ojú sí tábúlẹ́ẹ̀tì tó wà lórí àga. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Wọn ò gbé ojú kúrò níbẹ̀. Bàámi kò tilẹ̀ bọ́ sùtánà. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n jáde láìwọ bàtà lọ sórí pèpéle kòkó, wọ́n ń kígbe sínú fóònù pé, "Ìyá rẹ lajú! Ó ń wò!" Wọ́n á gbọ́ ohun tí ọmọ sọ, wọ́n á sáré wọlé wá sọ ọ́ sétí Màámi, wọ́n á tún jáde. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Mo jókòó, mò ń wò wọ́n, inú sì ń bí mi sí wọn síbẹ̀síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo gbé ráútà lọ bá ọ̀gá kan tó ń tún irú rẹ̀ ṣe ní Àkúrẹ́. Mo ní bàbá mi ló yí iná nígbà tí mò ń ṣe ọ́pdéètì lọ́wọ́. Ó gba fúláàṣì lọ́wọ́ mi, ó wo fáìlì náà, ó dojú ráútà délẹ̀, ó ka ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá tíṣà, iná kọ́ ló pa á o. Fáìlì ẹlòmíì lẹ kó fún un. Ẹ wò ó, tiyín ni oríṣi kẹta, fáìlì yìí, oríṣi kejì ló ni ín. Ì báà ṣe pé iná dúró fún odidi ọdún kan, ó máa kú ni." Ó ní wáyà eriali tí omi ti wọ̀ ló ṣeé ṣe kó máa da àwòrán wa láàmú láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò ní irú ráútà náà nílẹ̀, ó ní Tọ́sìdeè ni òun máa rí òmíràn.

Nínú ọkọ̀ tó gbé mi padà, mo to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún Bàámi. Mo tò ó dáadáa. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti jókòó síta tí wọ́n ń dúró dè mí. Wọ́n dìde. Wọ́n ní, "Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní iná ló pa á."

Wọ́n mi orí, wọ́n wọlé. Mo ní lọ́kàn mi pé bí inú mi bá rọ̀, màá sọ ọ́ lọ́la. Lọ́jọ́ kejì, Túsìdeè, láàárọ̀ kí n tó wẹ̀ lọ sílé ìwé, Màámi kú.

Ráútà tuntun dé ní Tọ́sìdeè. Mo pààrọ̀ wáyà eriali, mo so ó. Fúráìdè la sìnkú, láti ọ̀ọ́kán ni àbúrò mi sì wò ó. Ojú Màámi nínú pósí ni ojú àkọ́kọ́ tí ráútà tuntun náà fi hàn án. Àwòrán náà kò dúró gbagidi rárá, kò gbọ̀n, ó mọ́ gaara.

Láti ìgbà náà, Bàámi kò fọwọ́ kan ṣéńjóófà mọ́. Bí iná bá dé, wọ́n á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, wọ́n á ní, "Uná ti dé o. Ṣé kí á yí i?" Ilé tí wọ́n fi owó kòkó wọn kọ́. Bí mi ò bá sí nílé, jẹnẹrétọ̀ á máa mu bẹntiróòlù títí n óò fi dé, wọ́n á sì jókòó tì í. Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò lé e bá. Tèmi ṣì ń lọ. Lójoojúmọ́ ni mo ń ṣí ẹnu, lójoojúmọ́ ni mo ń pa á dé.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìsìnkú, ìwé àbúrò mi jáde, ó sì wálé. A mú un dé sàréè, ó sunkún tó fi rẹ̀ ẹ́, a wọlé. Bàámi jáde láti yàrá wọn. Wọ́n ti wọ agbádá, wọ́n dé fìlà, bí ẹni tó fẹ́ lọ jókòó níwájú ọba. Wọ́n rìn dé iwájú àbúrò mi, wọ́n ṣí fìlà náà kúrò lórí, wọ́n sì kúnlẹ̀.

Mi ò rí bàbá tó kúnlẹ̀ fún ọmọ rí. Àbúrò mi fò dìde, ó dojú bolẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì kó má bàa ga ju wọ́n lọ, ó ń ké, "Bàámi, ẹ má fi mí gégùn-ún! Kí lẹ ṣe?"

Wọ́n ní, "Èmi ni mo yí uná. Èmi ni ò jẹ́ kí ìyá rẹ rí ọ kó tó lọ. Ọma mi, dákun, dárí jì mí." Wọ́n wá yí ojú sí mi, fìlà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ti dárí jì mí, ó ku ìwọ."

Àbúrò mi gbé orí sókè láti ilẹ̀, ó ń wò mí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."