Bí Ọwọ́ Òwú Ṣe Pààrọ̀ Ọwọ́ Kẹ̀kẹ́

Tíkí-tíkí-tíkí-tíkí. Ìró tó pẹ́ jù lọ tó lè rántí láyé rẹ̀ nìyẹn: ìró ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá dá ẹsẹ̀ dúró tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, ó jókòó sórí irin iwájú, ó sì na ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú láàárín. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ọwọ́ kúrò níbẹ̀." Ó mú un kúrò. Láti ọjọ́ náà, fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n gbáko, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó dá a padà.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, oore ńlá ni Ẹ̀gbọ́n yìí jẹ́ fún ẹbí. Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe, òpópónà méjì péré ló sì wà láàárín ilé rẹ̀ àti ti àbúrò, èyí tó túmọ̀ sí pé kò sí ìṣó tó lè yẹ̀ nílé àbúrò kí òun má gbọ́. Láti kékeré, bí àbúrò bá mú òòlù, á gbà á. Bó bá mú sípánà, á gbà á. Nígbà tó gba gbogbo rẹ̀ tán, ó wo ọwọ́ òfìfo ọmọ náà, ó rí i pé kò mọ nǹkan kan án ṣe, àánú ṣe é, ló bá sọ ọ́ ní Ọwọ́ Òwú. Ìyá wọn gan-an ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú àna.

Ọwọ́ Òwú kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wáṣẹ́ lọ síbi tí wọn kì í ti í lo òòlù: ilé ìkàwé. Nínú yàrá ẹ̀yìn tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, ó ń tún ìwé tó ya ṣe, ó ń fi ọ̀rá bò wọ́n lẹ́yìn débi pé afẹ́fẹ́ kì í há sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ìwé nìkan ló mọ̀ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe tó, àwọn ìwé àti Ẹ̀gbọ́n kì í sì í sọ̀rọ̀ síra wọn.

Kẹ̀kẹ́ eré ìje ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi kọlu òpó géètì, ìwo òsì sì tẹ̀ wọnú. Ẹ̀gbọ́n wá wò ó, ó pòṣé.

"Sátidé, aago mẹ́rin. Má fọwọ́ kàn án."

Ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀, torí iṣẹ́ tó mọ́ Ọwọ́ Òwú lára jù ni kó má fọwọ́ kan nǹkan. Àmọ́ ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́jọ, jẹ́ kí ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lákòókò yẹn gan-an. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Ọwọ́ Òwú, o ò kúkú jọ ẹlòmíì."

Wọ́n ti ń pín orúkọ náà bí ogún. Èyí ni Ọwọ́ Òwú kò rí gbé mì. Tirẹ̀, ó ti gbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi oyè yẹn jẹ ọmọ tí kò tíì hu ju eyín méjì lọ, rárá. Ó ra ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tuntun, ó ra téèpù tí wọ́n fi ń wé e. Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé, ó tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sílẹ̀ ní pálọ̀. Òun yóò ti parí rẹ̀ kí aago mẹ́rin tó lù.

Ó tú wáyà búréèkì, ó bọ́ ọwọ́ búréèkì méjèèjì, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Ó tú bóòtù mẹ́rin, ó yọ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó tẹ̀, ó ti tuntun bọ̀ ọ́. Ó fi rúlà wọn ọ̀tún, ó wọn òsì, ó sì ń fún àwọn bóòtù náà díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ bọ́ sára téèpù. Ohun wíwé rèé, ọwọ́ rẹ̀ ò sì bi í léèrè mọ́. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, ó ti wé e láti ìdí dé ìdí, kò wú, kò ká, ìlà rẹ̀ tò bí ìlà inú ìwé ọmọ iléèwé.

Ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ wọlé léjìká. Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo tábìlì.

"Ó mà dáa o. Kí wá ni wọ̀nyí?"

Ọwọ́ búréèkì méjèèjì wà níbi tó tò wọ́n sí. Abẹ́ téèpù ló yẹ kí ìdí wọn wà. Kẹ̀kẹ́ tó rẹwà jù ládùúgbò ni; àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni pé kò lè dúró.

À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú. Lọ́jọ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ pe gbẹ́nàgbẹ́nà. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Ẹ̀gbọ́n wọlé.

"Ọwọ́ Òwú, ṣé o rò pé ìwé lò ń dì ni?"

"Ẹ káàsán, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ jókòó."

"Mi ò wá jókòó. Mú sípánà yẹn wá."

Ó na ọwọ́ méjèèjì. Àbúrò rí i pé ìka òun ti ń tú kúrò lára sípánà fúnra wọn, bí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ ló gba àárín wọn kọjá, ó sì gbé ọmọ lé ọwọ́ tí Ẹ̀gbọ́n nà sílẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá. Apá ti ń ro mí láti àárọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni o. Bó bá jí, ẹ̀yin lẹ máa rẹ̀ ẹ́."

"Ìyàwó, sípánà ni mo ní..."

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀."

Ẹ̀gbọ́n jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ wúyẹ́wúyẹ́.

"Tú téèpù yẹn kúrò."

"Mo ti ń tú u."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn."

"Báwo ni, Bọ̀ọ̀dá?"

Ẹ̀gbọ́n fi àgbọ̀n júwe. Àgbọ̀n kò sì lè tú téèpù.

Àbúrò ti ọwọ́ búréèkì bọ ibi tí ìwo ti ká, ó mú wọn dọ́gba, ó fún wọn, ó dá wáyà padà. Ó tẹ̀ ẹ́. Búréèkì gbá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mú.

"Bóòtù òkè lápá òsì," Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ jẹ́ẹ́. "Kò tíì le."

Ó wù ú kó díbọ́n pé òun ò gbọ́. Ó fi sípánà kàn án, bóòtù náà sì yí lóòótọ́. Ó fún un. "Ẹ ṣeun."

Ẹ̀gbọ́n dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀, ó fi orúnkún há ẹsẹ̀ iwájú, ó di ìwo méjèèjì mú, ó sì fi gbogbo agbára lọ́ ọ bí ẹni ń wá ẹ̀sùn. Kò yẹ̀. Ó tún lọ́ ọ, bóyá kẹ̀kẹ́ ò mọ̀ pé òun ni. Kò yẹ̀.

Ó kọjú sí ilẹ̀kùn. "Téèpù kẹ̀kẹ́ tèmi náà," ó ń bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀, "ó ti ń tú láti ọdún tó kọjá. Mo wé e títí, kò dúró."

"Ẹ gbé e wá ní Sátidé, Bọ̀ọ̀dá. Aago mẹ́rin." Àbúrò rò ó díẹ̀. "Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ẹ̀gbọ́n lọ láìpe ẹnikẹ́ni lórúkọ kankan. Ìyàwó gbé ọmọ wọ yàrá, ó ń fi èjìká ọmọ bo ẹ̀rín rẹ̀.

Nígbà tó ku àbúrò nìkan, ó mú téèpù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìwo òsì, ó ń fà á, ó ń fi ìdajì ìlà kan lé ìdajì èkejì, ó gba abẹ́ ọwọ́ búréèkì kọjá, títí ó fi dé àárín. Ó ṣe ọ̀tún bẹ́ẹ̀. Ó wá ku rọ́bà kékeré méjì tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìwo. Èkíní wọlé wẹ́rẹ́. Èkejì ń ṣagídí. Ó fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó gbára lé e, rọ́bà náà sì jókòó sáyè rẹ̀.