Idà Onípẹtà Tí Mo Lọ Wò Nílùú Òyìnbó

Ojúmọ́ ò tíì mọ́ tí mo fi wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá kúrò ní Muṣin lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Bàbá rán mi: kí n lọ mú àbúrò mi, Múrí, nílùú Òyìnbó wálé wá jogún àgbẹ̀dẹ. Láti ọdún tí ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n, èmi ni mò ń rọ ọ̀bẹ fún àwọn alápatà. Ṣùgbọ́n Bàbá ní obìnrin ọlọ́wọ́ òsì kọ́ ló máa jogún òòlù òun.

Nínú ọkọ̀ ojú irin wọn, mo ra sáńwíìṣì, ìyẹn búrẹ́dì méjì tútù tó há ẹran tín-ín-rín sáàárín. Kò lata, kò níyọ̀, owó rẹ̀ sì tó bọ́ ilé wa lọ́jọ́ méjì. Ẹni tó jókòó tì mí ò kí mi títí a fi sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀làjú nìyẹn o.

Iṣẹ́ Múrí ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Idà àwọn Áńgílò-Sásọ̀n, àwọn baba ńlá Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ń hú nínú sàréè. Ní tiwa, a fi aṣọ funfun sin òkú, ó parí. Àwọn yìí sin òkú tidà-tidà, àwọn ọmọ wọn tún wá ń tú u jáde. Irin tó ti dípẹtà, tí kò lè gé ilá, ni àgbàlagbà ń wọ ìbọ̀wọ́ kó tó gbé! Wọ́n tún ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú rẹ̀, bí aláìsàn nílé ìwòsàn Ìdí-Àràbà.

Mo ní, "Múrí, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì tẹ èèkù idà kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Ìwọ ò di èèkù òòlù mú rí, ikú tó pa baba Òyìnbó lò ń wádìí!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, mi ò wálé o. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò lè lu irin. Ṣùgbọ́n ẹ wo orí èèkù yìí. Ṣẹ́ ẹ rí i pó ti jẹ lápá kan? Ibẹ̀ lẹni tó ni ín máa ń gbọ́wọ́ lé. Bá a ṣe ń dá ẹni tó ni idà mọ̀ nìyẹn."

Mo pòṣé. Torí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń sanwó oṣù fún un?

Mi ò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ ní Muṣin tí Bàbá fi bèèrè pé, "Múrí ńkọ́?"

"Kò wá, Bàbá."

"Ó dáa. Màá ta àgbẹ̀dẹ náà."

Inú bí mi. Mo mú òòlù kí n gbé e pa mọ́, ojú mi bá lọ síbi èèkù rẹ̀. Igi náà ti jẹ, ó ṣe kòtò níbi tí àtàǹpàkò mi máa ń wà. Mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún Bàbá.

"Ẹ dì í mú, ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n fi ọ̀tún dì í. Àtàǹpàkò wọn ò bọ́ sínú kòtò náà. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n wo ọwọ́ òsì mi. Wọ́n wá na òòlù náà sí mi.

Mo na ọ̀tún láti gbà á, bí wọ́n ṣe fi ẹgba kọ́ mi ní kékeré.

Bàbá fà á sẹ́yìn. "Fi òsì gbà á."