Gbẹ́nàgbẹ́nà àti Èjìká Òsì

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n fi rọ́bà oníkámẹ́rà yẹ ìfun gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò wa wò, èjìká òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ojú tì í láti sọ̀rọ̀ àyẹ̀wò náà fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní pákó lòun gbé. Ìyàwó fi òróró ra á títí òyì fi gbé e ṣubú.

Dókítà béèrè lọ́sibítù pé, “Bàbá, kí ni wọ́n ṣe fún yín lọ́sẹ̀ yìí?”

Ó wolẹ̀. “Wọ́n ki rọ́bà bọ̀ mí nídìí.”

“Bàbá ọmọ mi!” ni ìyàwó lọgun. “Ìdí tí gbogbo ayé ní lẹ fẹ́ tìtorí ẹ̀ kú?”

Èjìká kọ́. Àyẹ̀wò náà ló fa ọlọ inú rẹ̀, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, ya, ohun tó ṣọ̀wọ́n, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà sínú ikùn rẹ̀; òun ló ń mú kí èjìká òsì máa dùn ún. Ó yè lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àmọ́ kò tíì lè wojú ìyàwó rẹ̀.